Nọ́ńbà Inú Àtẹ́lẹwọ́ Jẹ̀lílì

Jẹ̀lílì fọwọ́ títí ọṣẹ fi di pẹlẹbẹ, nọ́ńbà náà ò kúrò. Ó fi kànìnkànìn ha á, ó fi iyanrìn ha á, ó tiẹ̀ bu kẹrosíìnì sí i bí àwọn mẹkáníìkì ṣe máa ń ṣe. Àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ pọ́n, ó ń ta á, àmọ́ bí omi bá ṣe ń gbẹ báyìí ni nọ́ńbà á tún yọ padà, dúdú minimini: 217. Èyí tó wá ń já a láyà jù ni pé tàdáwà ọ̀hún ò gbẹ. Tó bá fi ìka kàn án, á tutù mọ́ ọn níka bí omi inú àmù, ṣùgbọ́n tó bá gbé ìka sókè wò, ìka mọ́ tónítóní.

Ẹ jẹ́ n sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín, kẹ́ ẹ má baà rò pé ìpáǹle kan ni nǹkan yìí ṣẹlẹ̀ sí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Baba ẹ̀ ló kó aṣọ òkè wá tà ní Wọ́ọ̀rí kí ogun tó dé, ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Kíláàkì ni lọ́dọ̀ Lọ́yà Dúrótoyè, tó ní ọ́fíìsì ní Okumagba Layout. Ìgbà tí mò ń wí yìí, Bẹ́ńdẹ̀lì ni wọ́n ń pe ìpínlẹ̀ náà, owó epo sì ń ya wọ ìlú. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lánàá, tí kọ́ńpìnnì kan bá ti lọ wọ̀n ọ́n lónìí, ọmọ bàbá kan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn lẹ́jọ́ lé e lórí. Àwọn lọ́yà ń jẹun, àwọn kíláàkì ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú.

Iṣẹ́ Jẹ̀lílì ò ṣòro láti ṣàlàyé. Gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́ gbé síwájú adájọ́, ìwé àdéhùn ilẹ̀, rìsíìtì, máàpù, fọ́tò, òun ló máa lẹ bébà pélébé mọ́ ọn lára, tó máa kọ ohun tó jẹ́ síbẹ̀, tó máa wá tẹ nọ́ńbà sí igun ìsàlẹ̀ kí adájọ́ lè mọ èyí tí wọ́n ń wí. Tó bá ti dé kóòtù, ẹ̀síbíìtì ló ń jẹ́. Nọ́ńbà ò gbọ́dọ̀ fò, nọ́ńbà kan ò gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi bírò kọ ọ́, torí wọ́n ti fẹ̀sùn kan Lọ́yà Dúrótoyè rí pé ó ki ayédèrú bọ àárín ìwé. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, irin dúdú kan tó wúwo bí ọmọ ọlọ. Tó o bá gbá a lórí, á ké "kàá!", á tẹ nọ́ńbà kan sílẹ̀, á sì fúnra ẹ̀ yí sí èyí tó kàn. Iwájú nìkan ló ń lọ. Kọ́kọ́rọ́ kékeré tí wọ́n fi ń dá a padà sẹ́yìn ti sọnù kí Jẹ̀lílì tó gbaṣẹ́ níbẹ̀.

Àwọn kíláàkì wá ní àṣà kan. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ tàdáwà sínú ẹ̀rọ, títẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ba bébà ọ̀gá jẹ́. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń dán an wò. Wọ́n á kọ́kọ́ fa irin pẹ́ńpẹ́ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ wálẹ̀ kí nọ́ńbà lè dúró sójú kan, wọ́n á gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á fi àkísà nu ọwọ́, wọ́n á dá irin padà, ó parí. Jẹ̀lílì ti ṣe é tó ìgbà àìmọye. Ọjọ́ yẹn ló gbàgbé láti fa irin.

Ọkàn ẹ̀ ò sí nílé ni. Tàíbátù ìyàwó ẹ̀ ti lọ bímọ ní Ìsẹ́yìn. Oyún àkọ́kọ́ tó dúró nìyẹn, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn ará ilé ti ń fojú sọ̀rọ̀ sí wọn. Lọ́yà ti ṣèlérí pé bí ìwé ẹjọ́ àwọn ará Ekete bá ti dé kóòtù báyìí, kó máa lọ gbé ọmọ ẹ̀. Ìdí nìyí tó fi ń kánjú. Ó gbá ẹ̀rọ mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, kàá, ó fi àkísà nu ọwọ́ láì wò ó, ó bọ́ sórí fọ́tò tó kẹ́yìn. Ìgbà tó máa fi ojú sí i, 218 ló wà lára fọ́tò.

Háà! Ó wo fọ́tò, ó wo ọwọ́ ẹ̀. Tó bá sọ fún Lọ́yà, wọ́n á ní kó lọ wá ẹ̀rọ míì yá, kó tún gbogbo ẹ̀ tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó dẹ̀ lè di oṣù tó ń bọ̀ kó tó fojú kan ọmọ. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó di ìwé pọ̀, ó so okùn pupa mọ́ ọn, ó gbé e lọ sí kóòtù.

Ẹjọ́ náà rèé: ẹbí kan ní Ekete ló pe kọ́ńpìnnì kan, pé wọ́n fa iyanrìn láti ìsàlẹ̀ odò, wọ́n dà á sórí ilẹ̀ àwọn, ó bo sàréè àwọn baba ńlá àwọn mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè é, inú kóòtù gbóná, fáànù òkè ń yí bí ẹni tó ń tòògbé. Lọ́yà kọ́ńpìnnì, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ń ṣí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dúró. Ó ṣí i padà sẹ́yìn, ó tún ṣí i síwájú.

"Olúwa mi," ló wí, "216 rèé, 218 rèé. Kí ni wọ́n yọ kúrò láàárín, tí wọn ò fẹ́ ká rí?"

Ariwo sọ. Lọ́yà Dúrótoyè yíjú wo Jẹ̀lílì bí ẹni tó fẹ́ gbé e jẹ. Jẹ̀lílì ti ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò ṣòkòtò. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá sọ, gbogbo kóòtù ì bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán síbẹ̀. Kò sọ ọ́. Ọmọ tí kò tíì rí ló ń rò.

Adájọ́ bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní ohunkóhun tó bá ń jẹ́ 217, níbikíbi tó bá wà, abẹ́ àṣẹ òun ló wà láti ìsinsìnyí lọ, kò sì gbọ́dọ̀ jáde kúrò ní Wọ́ọ̀rí títí ẹjọ́ yìí fi máa parí. Kí wọ́n wá a wá. Bí òun gan-an ò bá ṣeé rí, kí wọ́n mú ẹ̀dà rẹ̀ wá, ẹ̀dà tó jọ ọ́ láì ní àbùkù, òun á gbà á dípò ẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ ẹ̀.

Bó ṣe fa ìlà yẹn, Jẹ̀lílì gbọ́ "kàá" nínú egungun ọwọ́ ẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sẹ́lòmíì tó gbọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Àlàájì Bùsàrí, tó ń kó aṣọ láti Ìsẹ́yìn wá sọ́jà Wọ́ọ̀rí, já wọ ọ́fíìsì tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Jẹ̀lílì, dìde kó o bá mi jó! Tàíbátù ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Ọkùnrin làǹtì-lanti!"

"Ṣé ara wọn le, Àlàájì?"

"Ara tìyá-tọmọ le koko. Ọmọ ọ̀hún, àfi bí ẹni pé ìwọ ni wọ́n tún bí. Orí yẹn, etí yẹn, tìẹ ni gbogbo ẹ̀. Ìyá ẹ gan-an fọwọ́ bo ẹnu nígbà tó rí i."

Jẹ̀lílì sunkún níṣojú gbogbo wọn, ojú ò tì í. Inú ṣì ń bí Lọ́yà Dúrótoyè lórí ọ̀rọ̀ 217, ó ti ti ẹ̀rọ nọ́ńbà mọ́ inú dùrọ́ọ̀ pé ẹnì kankan ò gbọ́dọ̀ lò ó mọ́ títí wọn ó fi rí ohun tó sọnù. Ṣùgbọ́n èèyàn lòun náà. "Máa lọ," ló wí. "Tó o bá ti sọmọ lórúkọ tán, kó o yára padà wá wá nǹkan yẹn jáde fún mi."

Fáìfù-ó-fọ̀ ló wọ̀ ní gáréèjì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, báàgì lórí itan, ọwọ́ ọ̀tún nínú àpò. Àwọn èrò ń tàkúrọ̀sọ. Wọ́n kọjá Ẹ̀fúrùn, iná gáàsì ń jó lókèèrè, ojú ọ̀run pọ́n níbẹ̀. Ni àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ó gbọ́ "kàá" yẹn. Mọ́tò kú.

Dírẹ́bà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò rí nǹkan kan. Ó ní kí àwọn ọkùnrin bọ́ sílẹ̀ wá bá òun tì í. Bí Jẹ̀lílì ṣe bọ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kan mọ́tò, íńjìnnì jí fúnra ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n padà wọlé. Bí Jẹ̀lílì ṣe jókòó, ó kú. Wọ́n tún bọ́ sílẹ̀, ó tún jí. Kò wá sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Dírẹ́bà ní kí wọ́n máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, òun fúnra ẹ̀ dúró, ó ń fetí sí íńjìnnì. Ìgbà tó kan Jẹ̀lílì, ẹsẹ̀ kan ló kọ́kọ́ gbé wọlé. Íńjìnnì dákẹ́.

"Oga, abeg," ni dírẹ́bà wí, ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "I no know wetin you carry for body. I no wan know. Just come down."

Wọ́n já a sílẹ̀ síbẹ̀. Ìyá kan tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ fi ìborùn bo ojú ọmọ ẹ̀ nígbà tí mọ́tò ń kọjá lára ẹ̀.

Ó wọ òmíràn, bákan náà ló rí. Ó gba ọ̀nà omi, ó wọ ọkọ̀ tó ń rékọjá sí Aladja. Ọlọ́kọ̀ ń wa ọkọ̀, ó ń làágùn, omi ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, síbẹ̀ obìnrin tó ń fọ aṣọ létí odò tí wọ́n ti gbéra kò kéré sí i lójú wọn rárá. Ọlọ́kọ̀ fi àjẹ̀ nàka sí èbúté, ó ní kó sọ̀ kalẹ̀.

Ó wá ní òun á fẹsẹ̀ rìn ín. Ó rìn títí ilé fi tán, tí igbó fi dí ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì. Òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú, inú ẹ̀ sì ti ń dùn, ó ń sọ fún ara ẹ̀ pé, ó tán, mo ti bọ́. Ó rí ògiri funfun kan láàárín igi níwájú, ó ṣe bí ilé ìwé abúlé kan ni, á bèèrè omi níbẹ̀. Ó yí ògiri náà ká dé iwájú. Kóòtù Wọ́ọ̀rí ni. Festus, ọmọ Urhobo tó jẹ́ akọ̀wé kóòtù, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Jelili! You never travel?"

Ara Jẹ̀lílì bù máṣọ. Ọjọ́ tí wọ́n ń sọ ọmọ ẹ̀ lórúkọ nìyẹn. Àárín àwọn ẹbí ní Ìsẹ́yìn ló yẹ kó wà, ó wá dúró lágbàálá kóòtù pẹ̀lú eruku lẹ́sẹ̀. Ó pinnu pé kí wọ́n lé òun lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n ti òun mọ́lé, òun máa lọ bá adájọ́, òun máa fi ọwọ́ hàn án.

"Judge don go Benin," ni Festus wí. "Dem transfer am since Monday. New one never come."

"Nígbà wo ló máa dé?"

Festus gbọ́ Yorùbá díẹ̀ díẹ̀. Ó gbé èjìká sókè. "Only God know."

Jẹ̀lílì wá ibi jókòó. Bẹ́ǹṣì kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tí wọ́n ń kó ẹ̀síbíìtì sí. Bàbá arúgbó kan ti wà níbẹ̀, tó wọ ṣòkòtò kakí kúkurú bíi ti àwọn mẹ́séńjà ayé òyìnbó. Apá ẹ̀wù ẹ̀ gùn, ó bo ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ mọ́lẹ̀. Òórùn tàdáwà ń jáde lára ẹ̀.

"Ọmọ Ìsẹ́yìn," ni bàbá náà wí láì wò ó, "nọ́ńbà wo ni tìẹ?"

Orí Jẹ̀lílì wú. "Bàbá, ta ló sọ fún yín?"

"Yẹ̀kínì lorúkọ mi. Mo ti wà níbí kí wọ́n tó fi bíríkì kọ́ ibí yìí. Òyìnbó tó ń dá ẹjọ́ tèmi lọ sílé fún ìsinmi, kò padà wá."

"Ìgbà wo ni wọ́n wá parí ẹ̀?"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀hún ò ní ohùn. "Ṣé wọ́n ti parí ẹ̀ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ìyàwó mi bímọ. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ láyé ò ju kí n gbé ọmọ mi lọ."

Bàbá náà yíjú sí i. Ojú ẹ̀ kún fún àánú, àánú yẹn ló sì dẹ́rù ba Jẹ̀lílì jù. "Ọmọkùnrin tèmi náà wá síbí rí," ló wí. "Ó ti ọ̀nà jíjìn wá. Ojú mi gan-an ni wọ́n gbé sí i lórí. Ó fẹ́ dì mọ́ mi, mo lé e. Mo pariwo mọ́ ọn bí ẹni ń lé ajá, títí ó fi sunkún lọ. N ò fọwọ́ kàn án."

Inú bí Jẹ̀lílì. "Irú baba wo wá nìyẹn?"

"Gbọ́, ọmọ mi. Baba tó bá—"

"Kóòòtù!" Mẹ́séńjà ké láti inú lọ́hùn-ún, adájọ́ kékeré kan ń wọlé, gbogbo èèyàn dìde. Jẹ̀lílì náà dìde. Ìgbà tó máa jókòó padà, òun nìkan ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Ó fọwọ́ kan ibi tí bàbá náà jókòó sí. Ó tutù.

Ó tọ Festus lọ, ó bi í nípa Bàbá Yẹ̀kínì tó máa ń jókòó síbẹ̀. Ẹ̀pà bọ́ lọ́wọ́ Festus.

"Yekini? That one don die since before war. Na my papa carry am comot from that bench." Ó wo bẹ́ǹṣì náà, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Jẹ̀lílì fi ọwọ́ ẹ̀ han Lọ́yà Dúrótoyè níkẹyìn, ó ṣàlàyé gbogbo ẹ̀. Lọ́yà wo ọwọ́, ó wo ojú ẹ̀, ó ní kó lọ fọwọ́.

Ní Ìsẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ti di ńlá. Ẹ̀gbọ́n Jẹ̀lílì ló dúró fún un níbi ìsọmọlórúkọ, Hàmídù ni wọ́n sọ ọmọ. Baba Tàíbátù sọ ọ́ lójú agbo pé obìnrin Wọ́ọ̀rí kan ti fi owó epo gba àna òun. Tàíbátù jẹ́ kí ogójì ọjọ́ ẹ̀ pé, ó pọn ọmọ, ó wọ mọ́tò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ló yọ sí Jẹ̀lílì lẹ́nu ọ̀nà.

"Níbo ló wà?" ló wí. Kò kí i.

"Ta ni?"

"Obìnrin tó dè yín mọ́lẹ̀, tẹ́ ò fi lè wá wo ọmọ tẹ́ ẹ bí."

"Tàíbátù, mo fi Ọlọ́run búra, kò sí obìnrin kankan."

Tàíbátù wo inú yàrá. Àwo kan, ife kan, aṣọ àdìrẹ tó fún un kó tó lọ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì bó ṣe ká a sílẹ̀. Ojú ẹ̀ wá kan báńdéèjì tí Jẹ̀lílì fi di ọwọ́ ọ̀tún. "Kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

Jẹ̀lílì tú u. Tàíbátù di ọwọ́ náà mú, ó fi etí ìró nù ún, ó tutọ́ sí i, ó tún nù ún. Nọ́ńbà ò kúrò, etí ìró ò sì ní àbàwọ́n kankan. Jẹ̀lílì wá sọ gbogbo ẹ̀ fún un, látorí irin tí ò fà dórí ọ̀nà tó rìn tó gbé e padà sí kóòtù. Tàíbátù gbà á gbọ́, torí ó mọ̀ pé ọkọ òun ò gbọ́n tó ẹni tó lè hun irú irọ́ yẹn. Ó bú sẹ́kún.

"Mo ti rò pé ẹ ò fẹ́ wa mọ́ ni."

"Kò sóhun tí mo fẹ́ tó yín."

Ó tú ọ̀já, ó gbé ọmọ síwájú. "Ẹ gba ọmọ yín nígbà náà, Bàbá Hàmídù."

Jẹ̀lílì na ọwọ́, ó sì dúró. Ọ̀rọ̀ bàbá arúgbó yẹn sọ sí i lọ́kàn. N ò fọwọ́ kàn án. Ó wo ọmọ. Òun ni wọ́n dá sílẹ̀ ní kékeré yẹn, orí, etí, títí dé ìlà tó wà láàárín àgbọ̀n. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi dúró, gbogbo ojú tí wọ́n fi wò wọ́n. Irú baba wo wá nìyẹn? Ó gba ọmọ ẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà, ó sì sunkún bí ọmọdé. Ọmọ na ọwọ́ kékeré, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún baba ẹ̀. Ohùn kan dún ránpẹ́, Jẹ̀lílì rò pé ará ilé ló ti ilẹ̀kùn.

Ìgbà tó gbọ́wọ́ sókè láti nu ojú, Tàíbátù ló kọ́kọ́ rí i. Àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ mọ́. Kò sí nọ́ńbà, kò sí àpá.

"Alihamudulilai!" Tàíbátù fò sókè. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n jọ sunkún. Ó sè, wọ́n jẹ, Jẹ̀lílì ò gbé ọmọ sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní láàárọ̀ ọ̀la, wọ́n ń lọ sílé, kí baba Tàíbátù wá fojú ara ẹ̀ rí òun.

Wọ́n wọ mọ́tò. Hàmídù ń sunkún láti gáréèjì, kò gba ọmú, ó di ọwọ́ méjèèjì pọ̀ bí àwọn ọmọ ọwọ́ ṣe máa ń dì í. Wọ́n kọjá Ẹ̀fúrùn. Jẹ̀lílì ń wo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́. Iná gáàsì yọ lókèèrè. Ó rẹ́rìn-ín sí Tàíbátù.

Mọ́tò kú.

Ẹ̀rín gé lẹ́nu ẹ̀. Kò dúró kí wọ́n sọ fún un, ó bọ́ sílẹ̀, ó rìn jìnnà sí mọ́tò. Íńjìnnì ò jí. Ó tún rìn síwájú sí i títí dírẹ́bà fi pariwo pè é padà. "Oga, no be you nah! Come back!"

Dírẹ́bà ní kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀ kí òun lè wò ó dáadáa. Wọ́n ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Sọ́jà kan bọ́ sílẹ̀, íńjìnnì ò jí. Ìyá oníṣu kan bọ́, kò jí. Tàíbátù ló kẹ́yìn, torí pé ó ṣì ń gbìyànjú láti fún ọmọ lọ́mú. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe kan ilẹ̀, íńjìnnì jí.

Hàmídù dákẹ́ ẹkún lójijì. Ó yí orí díẹ̀, bí ẹni tó gbọ́ tí wọ́n pè é láti ọ̀nà ìlú.

Jẹ̀lílì di ọwọ́ ọ̀tún ọmọ mú. Ó ṣí ìka ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wà nínú ẹ̀, ó kéré, ó mọ́ rekete, ó tutù: 217.

"Ẹ nù ún," ni Tàíbátù wí. "Bàbá Hàmídù, ẹ nù ún fún mi."

Jẹ̀lílì rántí ọ̀rọ̀ adájọ́. Ẹ̀dà tó jọ ọ́ láì ní àbùkù, òun á gbà á dípò ẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó mọ ohun tí Bàbá Yẹ̀kínì fẹ́ sọ fún un, ó sì fi ọwọ́ gbá orí ara ẹ̀.

Dírẹ́bà ń wo Tàíbátù àti ọmọ, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò wọ́n. "Oga, you fit enter," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "You and the other people. You fit go."

Òótọ́ ni. Òun lè lọ. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú ẹ̀ dé Ìsẹ́yìn. Jẹ̀lílì gbé báàgì wọn sọ̀ kalẹ̀, ó sì ṣẹ́wọ́ sí mọ́tò pé kó máa lọ.

Ọ́fíìsì Okumagba Layout ni wọ́n gbà lọ. Lọ́yà wà ní kóòtù. Jẹ̀lílì fi àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ bo ti ọmọ, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó ń bẹ̀ ẹ́ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, padà sọ́dọ̀ mi, jọ̀ọ́, èmi ni tìẹ, padà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọmọ fi sùn. Kò padà.

Ó fa dùrọ́ọ̀, ó já àgádágodo ẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ nọ́ńbà sórí tábìlì. Ibi tó dúró sí nígbà tí wọ́n di ìwé Ekete náà ló ṣì wà. Ó wo irin pẹ́ńpẹ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kò fà á. Ó tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ ṣe?" ni Tàíbátù bi í.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè é," ni Jẹ̀lílì wí, "kò ní dá nìkan lọ."

Kàá.

Ó gbé ẹ̀rọ kúrò. Tàdáwà ń dán nínú àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀: 219. Tàíbátù wò ó, ó wo ọmọ tó sùn sí i léjìká. Ó rọra gbé ọmọ sí apá òsì, ó sì tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún tiẹ̀ sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ ẹ̀.

"Ẹ tẹ̀ mí," ló wí. "Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà fò."